Kásẹ́ẹ̀tì Spectrum tí bàbá mi fi sílẹ̀: báwo ni mo ṣe lè ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù?

Àbíkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá mi kàwé ní Leeds láàárín 1983 sí 1986. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ra ZX Spectrum 48K, kọ̀ǹpútà kékeré dúdú tí bọ́tìnì rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Kọ̀ǹpútà náà ti kú tipẹ́, eku ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń tú yàrá wọn lẹ́yìn ìsìnkú, a rí kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá nínú páálí bàtà. Mẹ́wàá jẹ́ géèmù tí wọ́n rà. Èyí tó kù, Bàbá fi báírò kọ "ÀJỌ" sára rẹ̀. Màmá ní òótọ́ ni, Bàbá ni olórí àjọ àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n jọ wà lọ́hùn-ún, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí.

Mo gbọ́ pé emulator wà, ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà òde òní máa ṣe bíi ti àtijọ́. Mo ní láptọ́ọ̀pù Windows, mo sì ní rédíò kásẹ́ẹ̀tì kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ wo fídíò. Mo ti wo mẹ́rin, géèmù ni gbogbo wọn ń sọ.

Àlàbí48K

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Àǹtí, ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì géèmù mẹ́wàá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ẹlòmíì ti sọ ọ̀pọ̀ géèmù Spectrum di fáìlì TAP àti TZX láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. ÀJỌ ni kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé yìí àfi ẹ̀yin. Òun ni kí ẹ dojú kọ.

Emulator tí mo máa fi lé yín lọ́wọ́ ni Fuse. Ọ̀fẹ́ ni. Philip Kendall ló dá a sílẹ̀ fún Unix, ó sì ti dé orí Windows àti Mac. ROM Spectrum ti wà nínú rẹ̀, ìyẹn ètò àbínibí kọ̀ǹpútà náà, 16K, tí BASIC, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún un, ń gbé. Kì í ṣe olè: Amstrad ra iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sinclair, ilé iṣẹ́ tó ṣe Spectrum, ní 1986, wọ́n sì yọ̀ǹda lẹ́yìn náà pé kí àwọn tó ń ṣe emulator máa pín ROM náà, bí wọn kò bá ṣáà ti yọ orúkọ oní-nǹkan kúrò lára rẹ̀. Àwọn tó ń lo Amiga ò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà. Owó ni wọ́n fi ń ra Kickstart, ìyẹn ROM tiwọn, títí di òní.

Ohun tó máa kọ́kọ́ dà yín láàmú ni kíbọ́ọ̀dù. Lórí Spectrum 48K, a kì í tẹ L, O, A, D lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnì kan, ọ̀rọ̀ odidi kan. Tí ẹ bá tẹ L, LET ló máa kọ. J ni LOAD. Nínú Fuse, Ctrl dúró fún Symbol Shift, Shift sì dúró fún Caps Shift. Nítorí náà: J, lẹ́yìn náà Ctrl pẹ̀lú P lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa rí LOAD "". Ẹ tẹ Enter, ó parí.

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì

Àbíkẹ́ ọmọ mi, jọ̀ọ́, má tíì ki kásẹ́ẹ̀tì yẹn bọ inú rédíò. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀, mo sì ti rí ẹni tó sunkún nítorí téèpù ìgbéyàwó.

Kọ́kọ́ mú un sójú oòrùn, kí o wo ẹ̀gbẹ́ téèpù láti ojú gíláàsì rẹ̀. Tí o bá rí nǹkan funfun bí ẹ̀lùbọ́, olú ni, má fi í sínú rédíò rárá. Tí kò bá sí, ki báírò bọ ihò rẹ̀ kí o yí i díẹ̀díẹ̀, kí o mọ̀ bóyá ó lẹ̀. Tún wo fóòmù pẹlẹbẹ kékeré tó wà lẹ́yìn téèpù níwájú. Ó sábà máa ń já bọ́ bó bá ti dàgbà, tí kò bá sì sí níbẹ̀, téèpù kò ní fara kan ẹ́ẹ̀dì, irin tó ń ka téèpù, dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ti òwú bọ sípírítì, kí o fi nu ẹ́ẹ̀dì rédíò náà títí òwú ò fi ní dúdú mọ́. Fi ọ̀kan nínú géèmù ṣe ìdánwò. Má fi ti Bàbá kọ́ iṣẹ́.

Báyìí ló ṣe yẹ kó dún: ìfé gígùn kan fún bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ariwo ṣókí "prrt", ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀, ìfé mìíràn tó kúrú ju ti àkọ́kọ́, wàyí ni ariwo ńlá tó ń ha etí á bẹ̀rẹ̀. Ariwo ṣókí yẹn ló gbé orúkọ ètò náà. Èyí tó ń ha etí yẹn ni ètò fúnra rẹ̀. Tí ariwo náà bá dún bí ẹni tó da aṣọ borí, ẹ́ẹ̀dì ló wọ́. Ìdè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ẹ̀dì. Bí téèpù ti ń lọ, fi súkúrúdíráfà yí i díẹ̀, ìdá mẹ́jọ òbìrí péré, sọ́tùn-ún sósì, títí ohùn á fi mú ṣáṣá. Síbi tó ti mú jù ni kí o fi í sí.

Fi wáyà láti ihò íyàpíìsì rédíò lọ sí kọ̀ǹpútà. Ihò kan ṣoṣo tó wà lára láptọ́ọ̀pù òde òní, ti máìkì ni, ohùn á lágbára jù fún un. Ra ohun èlò USB kékeré tó ní ihò line-in. Pa gbogbo nǹkan tí Windows fi ń "tún ohùn ṣe". Pa Dolby tí rédíò bá ní i. Batiri ni kí o fi gbé rédíò, má fi iná jẹnẹrétọ̀ gbé e, nítorí ariwo "hùùù" abẹ́ ohùn yẹn.

WAV ni kí o fi pamọ́, 44,100, mono. Kì í ṣe MP3 o.

Túndé_Wáyà

Bàbá, kí ló burú nínú MP3? Kódà ṣé kò lè fi voice note WhatsApp ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú wa, ká bá a ṣe é?

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì

Túndé, o ń ṣeré. MP3 máa ń ju ohun tí etí èèyàn ò ní gbọ́ dànù. Spectrum kì í ṣe èèyàn. Bí ìgbì ohùn ṣe gùn tó ni òun ń wọ̀n: aago inú kọ̀ǹpútà yẹn ń lu ìlù mílíọ̀nù 3.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òdo jẹ́ ìlù 855 lẹ́ẹ̀mejì, ení jẹ́ 1,710 lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín òdo àti ení nìyẹn, gígùn àti kúkúrú. Voice note á bá a ṣe ìgbì náà rọ̀bọ̀tọ̀ tán.

Ọmọ_Peckham

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n yà á díẹ̀. Nílé ìwé wa ní London, BBC Micro la lò, torí BBC àti Acorn ló jọ gbé e jáde ní 1981 láti fi kọ́ aráàlú ní kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ní fáìlì dísíìkì rẹ̀, jsbeeb tí Matt Godbolt ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà láìgbé nǹkan kan sórí ẹ̀rọ. Shift pẹ̀lú Break ló ń gbé dísíìkì dìde.

Ayọ̀_C64

Tó bá dọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn, ti Commodore 64 náà rọrùn, emulator VICE ni ká lò, LOAD"*",8,1, ká sì pààrọ̀ ihò joystick sí ìkejì tí ọkùnrin inú géèmù bá kọ̀ tí kò rìn. Spectrum ń dàrú àwọ̀ lójú mi ní tèmi, àwọ̀ méjì péré nínú àpótí kọ̀ọ̀kan!

Alábòójútó

Ayọ̀, ìjà yẹn ti pé ogójì ọdún, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ojú ewé mìíràn. Ti kásẹ́ẹ̀tì Àbíkẹ́ là ń sọ níbí.

Àbíkẹ́_Mọ́kọ́lá

Mo ti dé o! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jà á.

Géèmù tí mo fi dánwò ṣí ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Nígbà tí ìlà pupa àti aró fífẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré létí ojú ìwò, tó wá yí sí búlúù àti yẹ́lò, mo pariwo, àbúrò mi rò pé mo rí ejò. Mo wá gbé ÀJỌ sí i. "R Tape loading error" ni mo rí lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí ìdè bí Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì ṣe wí, ó kọ "Program: ajo", ó sì wọlé!

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lójú rẹ̀:

SPECTRUM kBAbQ
OwH AjL
PLAY sO 1
Iye tH kI

Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí orúkọ yẹ kó wà ṣófo, gbogbo owó jẹ́ 0. Ṣé téèpù ti jẹrà ni? Machine tí mo yàn ni 128K, mo rò pé èyí tó tóbi ló dáa jù. Nígbà tó wọlé tán tí ó kọ OK, mo tẹ RUN.

Àlàbí48K

Àǹtí, kò sí nǹkan tó jẹrà. Mo fẹ́ fo sókè níbi tí mo jókòó sí. Bàbá yín kì í ṣe èèyàn kékeré!

Spectrum ò ní ẹ, ọ, ṣ, kò sì ní àmì ohùn. Ṣùgbọ́n ó fi àyè mọ́kànlélógún sílẹ̀ tí èèyàn lè fi ya lẹ́tà tara rẹ̀, láti A dé U. Bí ẹ kò bá tíì ya nǹkan kan síbẹ̀, lẹ́tà ńlá A dé U náà ló máa fara hàn. Ẹ kà á báyìí: B ni á, A ni à, Q ni ọ̀. kBAbQ. Káàbọ̀! H ni ó, L ni ọ, OwH AjL, Owó àjọ. I ni ù.

SPECTRUM àti PLAY wá ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ṣe 128, wọ́n gba àyè méjì tó kẹ́yìn, T àti U, wọ́n fi ṣe àṣẹ tuntun méjì, SPECTRUM àti PLAY. Bàbá fi T ṣe Ẹ ńlá, wọ́n fi U ṣe Ọ ńlá. "Ẹ káàbọ̀." "Ọ̀sẹ̀ 1." Ẹ lọ sí Machine, Select, ẹ yan Spectrum 48K, ìyẹn á lọ.

Ìyábọ̀_Houston

Mo jókòó mo kà á. à á è é ì í ò ó ù ú jẹ́ mẹ́wàá. ẹ ọ ṣ, mẹ́tàlá. ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀, mẹ́tàdínlógún. ń àti ǹ, mọ́kàndínlógún. Ẹ àti Ọ ńlá, mọ́kànlélógún gééré. Ṣ ńlá ni kò ráyè! Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún Ṣọlá.

Ẹni tó bá fẹ́ wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ èyí sínú 48K:

10 FOR i=0 TO 7: READ b: POKE USR "a"+i,b: NEXT i
20 DATA 0,56,68,120,64,60,0,16
30 PRINT CHR$ 144

Ẹ̀là mẹ́jọ ni nọ́ńbà mẹ́jọ yẹn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gbé e sókè ní ẹ̀là kan kí àmì abẹ́ rẹ̀ lè ráyè, 16 tó kẹ́yìn ni àmì náà. ẹ ló máa jáde. Ẹ́ tàbí ẹ̀ ni iṣẹ́ wà, torí àmì ohùn ń fún lókè, àmì abẹ́ ń fún nísàlẹ̀.

Ní ti orúkọ tó ṣófo, ẹ̀bi RUN ni. SAVE ti Spectrum máa ń kó ètò àti ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, orúkọ, owó, gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n RUN máa ń gbá gbogbo wọn dànù kó tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá á mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní tẹ R láé. Ẹ má bẹ̀rù, inú kọ̀ǹpútà ló ti parẹ́, kò kan téèpù. Ẹ tún un ṣí, ẹ tẹ K, ìyẹn LIST, ẹ wá ìlà tó ní DIM. DIM náà ń sọ àpótí tí orúkọ àti owó wà di òfìfo, nítorí náà ẹ fo òun kọjá. Tí ó bá wà ní ìlà 10, ẹ tẹ G tó jẹ́ GO TO, ẹ fi nọ́ńbà ìlà tó tẹ̀ lé e sí i.

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì

Kí ló wà lára bébà inú páálí kásẹ́ẹ̀tì náà? Àwa ayé ìgbà yẹn, a máa ń kọ ohun gbogbo síbẹ̀.

Àbíkẹ́_Mọ́kọ́lá

Sà, "1. ajo, 2. ami" ni. Mo rò pé ami jẹ́ géèmù. Mo sì ti dá téèpù dúró nígbà tó dákẹ́ lẹ́yìn ajo.

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì

Ó tán! Àmì! Lẹ́tà tí wọ́n yà ló wà níbẹ̀. Gba ohùn ojú méjèèjì sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, má dá a dúró bó ti wù kó dákẹ́ tó. Ẹni tó bá gbọ́n nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ń tọ́jú nǹkan kan náà.

Àlàbí48K

Tí WAV náà bá ti pé, fuse-utils, àkójọ ètò kéékèèké tó bá Fuse rìn, ní ètò kan tó ń jẹ́ audio2tape. Ẹ kọ: audio2tape ajo.wav ajo.tzx. Ẹ ò ní nílò rédíò mọ́ títí ayé.

Nínú 48K, ẹ ṣí ajo, ẹ má tẹ RUN. Kí ẹ wá ṣí àmì: J, Ctrl+P lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tẹ Shift àti Ctrl pọ̀ kí kọ́sọ̀ yí sí E, lẹ́yìn náà I. LOAD "" CODE ló máa kọ. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí "Bytes: ami". Báìtì 168 péré ni, mẹ́jọ lọ́nà mọ́kànlélógún, á lọ jókòó sí 65368, ìkángun ìrántí kọ̀ǹpútà náà. Nígbà náà ni kí ẹ wá ṣe GO TO.

Bó bá ti tọ̀nà, lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ lọ sí File, kí ẹ tọ́jú snapshot. Ó máa dì gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, ètò, orúkọ, lẹ́tà, bí ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò. WAV náà ńkọ́? Ẹ fi sí ibi mẹ́ta.

Túndé_Wáyà

Ṣé kò sẹ́ni tó lè ṣe é lórí fóònù?

Ọmọ_Peckham

JSSpeccy ti Matt Westcott ń ṣí TZX àti TAP nínú búráúsà. Láti wò ó, ó dáa. Láti tẹ LOAD "" CODE lórí gíláàsì fóònù, o máa fi ẹnu bú ẹnì kan.

Àbíkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ojú kejì téèpù ní "ajo" mẹ́ta, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tọ́jú wọn. Èyí tó kẹ́yìn ló pé jù, ó dé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n. Mo ṣí i, mo ṣí ami, mo tẹ LIST. DIM n$(12,10) wà ní ìlà 10, mo tẹ GO TO 20.

"Ẹ káàbọ̀ sí àjọ wa." Pẹ̀lú àmì ohùn lórí, pẹ̀lú àmì lábẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà 1982! Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sunkún díẹ̀, mo tún ya òmíì torí àkọ́kọ́ mì.

Èèyàn méjìlá, £5 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyábọ̀, Ṣọlá wà níbẹ̀, S lásán ni wọ́n fi kọ ọ́, "Sọlá". Orúkọ Màmá ló wà ní ìkẹsàn-án, orúkọ ilé wọn, torí wọn ò tíì fẹ́ra nígbà yẹn. Gbogbo èèyàn ló san pé. Màmá nìkan ló ṣófo ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá: "Iye tó kù £5."

Mo pè wọ́n wá sídìí láptọ́ọ̀pù. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní irọ́ ni, àwọn fi lé Bàbá lọ́wọ́ níwájú ilé ìwé, ojú òjò ni, Bàbá ló gbàgbé láti kọ ọ́. Wọ́n wá ń bi mí pé bọ́tìnì wo ni èèyàn fi ń pa nǹkan rẹ́ lórí ẹ̀rọ yìí.

Ìyábọ̀_Houston

Àbíkẹ́, ẹ má fi R hàn wọ́n o.